Ọ̀sẹ̀ Ọlọ́jọ́ Mẹ́jọ

Nílé wa ní Pobẹ̀, ọjọ́ tí ènìyàn bá wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kà. Bí ìyá mi bá fẹ́ mọ ìgbà tí wọn yóò tún ná ọjà, yóò ká àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò ní, "Òní." Yóò ká ìka tó tẹ̀ lé e, yóò ní, "Ọ̀la," bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi di ẹ̀ṣẹ́. Ìka márùn-ún, ọjà dé. Ọrún nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ni òní ń wá nínú rẹ̀. Oòrùn òní ló ń pa wá lórí, ta ni yóò fò ó kọjá?

Bàbá mi náà wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun ọ̀pẹ, ìtàdógún ìtàdógún ni wọ́n sì ń ṣe ìpàdé. Ọrún mẹ́rin ló wà nínú ìtàdógún, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ìtàdógún. Bí ẹ bá sọ èyí fún ẹni tó kàwé, á ní irọ́ ni, pé márùn-ún lọ́nà mẹ́rin, ogún ni. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó kí ẹ ká ìka yín. Ẹ ó rí i pé ọjọ́ ọjà tó parí ọrún kan, òun náà ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹnì kan ṣoṣo ni, ó kàn dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá méjì. Inú irú kíkà yìí ni wọ́n bí mi sí. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìṣirò ni. Mo rò pé bí Ọlọ́run ṣe to ọjọ́ nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ wa gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé, tí wọ́n ń kéde kiri pé kí àwọn ọmọbìnrin náà máa lọ sílé ìwé, wọ́n fi èmi náà síbẹ̀. Bàbá mi kò kọ̀, kò sì fi gbogbo ara gbà. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Sákété, tó fẹ́ ọkùnrin Mùsùlùmí kan tí ìdílé rẹ̀ ń ta aṣọ. Ìyá Sákété là ń pè é. Ìyá Sákété kò bí ọmọbìnrin, ó sì ti ń tọrọ mi látìgbà tí orí mi ti lè ru igbá.

Ọdún kẹta tí mo dé ilé ìwé, ó wá kí wa. Mo jókòó sẹ́bàá àrò, mo ń fi ẹfun kọ nǹkan sára pátákó dúdú kékeré tí wọ́n fún wa.

"Ìwọ, kí lò ń fín sára igi yẹn?"

"Ìṣirò ni, Ìyá."

"Ìṣirò! Láti ọdún yìí wá, ìṣirò náà kò tíì parí? Wá sí ìsọ̀ mi. Ọjà mẹ́ta péré, o ó máa ṣírò lójú oorun."

Ìyá mi ń ro epo lórí iná. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó kọ́ èyí tí àwa kò mọ̀. Èyí tí a mọ̀ kò ní sá lọ."

"Ìyàwó wa, ẹnu rẹ dùn ju epo rẹ lọ. Ṣé ìwé ló kọ́ ọ bí o ṣe ń dá iná yẹn?"

"Rárá o. Ìyá mi ló kọ́ mi. Òun náà ló sì kọ́ mi pé kí n má ṣe dá ẹlòmíì lọ́wọ́ kọ́."

Ìyá Sákété rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. Kò bínú. Ṣùgbọ́n bàbá mi tó ti dákẹ́ látàárọ̀ ti gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀. Bí bàbá mi bá gbé àdá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ìdánwò ìparí ọdún ń bọ̀. Bí ó bá yege, kó máa lọ sílé ìwé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bi mí léèrè mọ́. Bí kò bá yege, kó máa lọ sí Sákété."

Ó gbé àdá rẹ̀, ó jáde. Ọ̀rọ̀ parí. Bí ó ṣe di pé ìdánwò kan ló dúró láàárín èmi àti ìsọ̀ aṣọ nìyẹn. N kò kórìíra Ìyá Sákété, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ilé ìwé ni mo fẹ́. Mo fẹ́ mọ ìdí tí àwọn nǹkan fi rí bí wọ́n ṣe rí.

Olùkọ́ wa, tí a ń pè ní Mèsyé, ará Àjàṣẹ́ ni. Èdè Gùn ló ń sọ nílé, Faransé ní kíláàsì, ó sì máa ń bá wa sọ Yorùbá bí ọ̀rọ̀ bá takókó. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ó gé páálí róbótó, ó kọ nọ́ńbà yí i ká, ó fi ìṣó kan ọwọ́ méjì mọ́ ọn láàárín. Agogo wa nìyẹn. Ó ń yí ọwọ́ rẹ̀ kiri, àwa ń ké e tẹ̀ lé e: ọgọ́ta ìṣẹ́jú, wákàtí kan, wákàtí mẹ́rìnlélógún, ọjọ́ kan.

Ìṣẹ́jú àti wákàtí kò dà mí láàmú rárá. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ní èrò kankan nípa ìṣẹ́jú, nítorí náà ohun tí Mèsyé bá sọ ni mo ń gbà. Ó ní ọkọ̀ ojú irin kúrò ní Pobẹ̀ ní aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ó sì rin àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú kó tó dé Sákété. Ìgbà wo ló dé? Mo sọ àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú di wákàtí kan àti ààbọ̀, mo fi lé e, mo ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní ó dára. Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyá mi.

"Ọkọ̀ ojú irin wo?" ni ó wí. "Ṣé èyí tí a mọ̀ yìí? Bi Mèsyé yín bóyá ó ti ka ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ bomi sí i."

Ọjọ́ ló dà mí láàmú. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo máa ń bá ìyá mi ru epo lọ, n kì í sì í lọ sílé ìwé lọ́jọ́ náà. Ọjà wa kò mọ ọ̀sẹ̀ ilé ìwé. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé lónìí, yóò bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ń rìn káàkiri inú ọ̀sẹ̀ wọn bí ewúrẹ́ tí kò ní okùn. Mèsyé kò lè mọ ọjọ́ tí òun ó rí mi. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Irú ibà wo ló ń ṣe ọ́ gan-an, tó ń pààrọ̀ ọjọ́?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín. N kò lè sọ fún un pé epo ni.

Ó ṣe é ṣe kó jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ló kọ ọ́ sójú pátákó pé ọjọ́ báyìí ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. N kò rí i. Ohun tí mo gbọ́ létí ara mi ni pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbá tábìlì, ó sì sọ ní Faransé pé, "Ọjọ́ mẹ́jọ sí òní, ìdánwò." Mo délé, mo sọ fún ìyá mi. Ìyá mi na ìka, ó kà á, ó fi òní bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun mìíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí: ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìdánwò.

Ìyá mi ní, "Ó dáa. Àwọn òyìnbó náà mọ ọjọ́ kà."

Inú mi dùn jọjọ. Mo rò pé ilé wa àti ilé ìwé ti fẹnu kò.

Ọjọ́ ìdánwò dé, Mèsyé kọ ìbéèrè sójú pátákó. Obìnrin kan lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìta-Jẹ̀bú, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ọjọ́ mélòó ló lò? Mo fọwọ́ sábẹ́ tábìlì, mo kà á bí wọ́n ṣe ń kà á nílé. Ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí ọjọ́ kẹjọ ló wà lẹ́nu ọ̀nà méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ méjìlélógún. Mo kọ ọ́, mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè kejì ní obìnrin náà tún lọ sí Yókò, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ mẹ́rin. Mo ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo tún fi ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún yẹn bẹ̀rẹ̀ mẹ́rin náà, ó jẹ́ méjìdínlógún. Àwọn ìbéèrè tó kù tún jẹ́ ti ọjọ́ sí ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ sí ọjọ́. Mo jáde pẹ̀lú ìdùnnú, bí ẹni tó ta ọjà rẹ̀ tán.

Ọjọ́ Ẹtì ni Mèsyé pè mí síwájú.

"Ọjọ́ mélòó ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan?"

"Mẹ́jọ, Mèsyé."

Ariwo sọ. Ó gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. "Dárúkọ wọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti lọ́ndì, bí Faransé ṣe ń pe ọjọ́ Ajé, mo kà á dé ọjọ́ Àìkú. Méje. Mo wá fi kún un pé, "Lọ́ndì."

"O ti ka lọ́ndì."

"Ti àtijọ́ nìyẹn, Mèsyé. Èyí, tuntun ni."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó lórí ìjókòó kan náà ké láti ẹ̀yìn pé, "Lọ́ndì méjì! Ilé wọn ni wọ́n ti ń jẹ Ajé ní àjẹtúnjẹ!" Mèsyé fúnra rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i ní ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

Ó ní, "Èyí tó o ní méjìdínlógún yìí, o gbà á. Báwo lo ṣe gbà á?"

Mo ṣàlàyé pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú ọ̀sẹ̀ méjì, òun náà ló tún wà nínú ọjọ́ mẹ́rin. Ó wo pátákó, ó wò mí, ó tún wo pátákó. Ó ní, "Ọ̀nà tí kò dáa lo gbà dé ilé tó dáa." Ìyẹn tilẹ̀ wá da orí mi rú pátápátá. Èyí tí mo ṣìnà, mo mọ bí mo ṣe rìn ín. Èyí tí mo gbà, ọ̀nà kan náà ni mo fi rìn ín.

Mo wá fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Mèsyé, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé ọjọ́ mẹ́jọ sí òní ni ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ kan sì ni."

Ó họ orí. Kò bínú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò bínú. Ó ní, "Bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu nìyẹn. Kì í ṣe bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀. Bí o bá ń ṣírò, má ka ọjọ́ tó o wà nínú rẹ̀. Láti ọ̀la ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méje ni ọ̀sẹ̀. Ṣó yé ọ?"

Mo ní ó yé mi. Kò yé mi. Mo kàn gbà á bí ènìyàn ṣe ń gba oògùn.

Mo ti kùnà. Ṣùgbọ́n Mèsyé kò fẹ́ kí n kùnà. Ó mọ̀ pé lórí wákàtí mo mú yányán. Ìyá mi wá bá a lọ́jọ́ náà, wọ́n fi Gùn sọ ọ́ láàárín ara wọn, nítorí Gùn ni ìyá mi fi ń tajà fún àwọn ará Àjàṣẹ́. Mèsyé ní òun ní iṣẹ́ díẹ̀ láti parí ní Pobẹ̀ kí òun tó lọ sílé fún ìsinmi. Ó ní òun yóò tún ìbéèrè náà ṣe fún mi, èmi nìkan, kí òun tó fi orúkọ àwọn tó yege ránṣẹ́. Ó kọjú sí mi, ó sọ ní Faransé pé, "Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí òní, kí o wá ní òwúrọ̀."

Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́. Èmi náà kúnlẹ̀.

A délé, mo ka ẹ̀kùrọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú àfọ́kù igbá, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èrò mi ni pé ojúmọ́ tó bá mọ́, n ó mú ẹ̀kùrọ́ kan kúrò. Ọjọ́ tí mo bá mú èyí tó gbẹ̀yìn, òun ni ọjọ́ ìdánwò. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú igbá.

"O kò mú ti òní."

"Ilé ìwé kì í ka òní, Ìyá."

"Wọn kì í ka òní? Àti oòrùn tí a fi rìn lọ síbẹ̀ látàárọ̀?"

"Mèsyé ló sọ ọ́. Bí a bá ń ṣírò, láti ọ̀la ni."

Ó na ọwọ́ sí igbá, bí ẹni fẹ́ mú ẹ̀kùrọ́ kan, ó tún fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ilé ìwé."

Títí di òní, ọwọ́ yẹn ni mo máa ń rí.

Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn mo ń ké e lẹ́nu: méje, mẹ́rìnlá, mọ́kànlélógún. Mo ń ké e nídìí àrò, mo ń ké e lódò. Bàbá mi gbọ́, ó ní, "Kí ló ń kà?" Ìyá mi ní, "Ọ̀sẹ̀ àwọn Faransé ni." Bàbá mi ní ọ̀sẹ̀ náà kò sanra. Ìyẹn nìkan ló sọ.

Ẹ̀kùrọ́ tó gbẹ̀yìn bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ náà sì jẹ́ ọjọ́ ọjà. Ìyá mi fi ọjà sílẹ̀ nítorí mi. Ó bo àwọn ìkòkò epo rẹ̀, ó wọ aṣọ tó dáa, ó sì mú igò epo kan dání fún Mèsyé. Bí a ti ń lọ lójú ọ̀nà, a gbọ́ tí ọkọ̀ ojú irin fun fèrè. Mo ní, "Ìyá, lónìí ó kúrò lákòókò." Inú mi dùn sí i. Mo ń ṣírò ìgbà tí yóò dé Sákété.

Ilé ìwé dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ọgbà ló wà nínú rẹ̀, ó ń gé koríko.

Ìyá mi kí i, ó ní, "A wá rí Mèsyé ni, Bàbá. Ó ní ká wá lónìí."

Bàbá náà na ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ni ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò? Àná ló dúró dè yín. Abẹ́ igi máńgòrò yìí ló gbé tábìlì sí. Ó jókòó títí òjìji fi lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ó ní bóyá ẹ ti yí ọkàn padà."

"Mèsyé náà dà báyìí?"

"Ẹ ò gbọ́ fèrè ọkọ̀ ni?"

Ìyá mi kò ké, kò sì nà mí. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi máńgòrò, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka. Ó ká ti ọ̀tún tán, ó ká ti òsì, ó tún padà sí ti ọ̀tún. Ọjọ́ Ẹtì. Ó tún un kà. Ọjọ́ Ẹtì. Ó bi mí pé, "Ṣé ojú ọ̀nà ni ọjọ́ kan ti já bọ́ lọ́wọ́ wa?"

Mo ní, "Ìyá, bó ṣe kọ́ mi ni mo ṣe kà á."

Ó ní, "Mo mọ̀. Òun náà ti gbàgbé sọ ìgbà tó ń ṣírò àti ìgbà tó ń fẹnu sọ."

Kò sí ẹni tí a lè bi. Ó fún bàbá ọlọ́gbà ní igò epo náà, a sì padà sílé.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti yege. Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dáa. Kì í ṣe ìyà o. Iṣẹ́ ni." Ọrún tó tẹ̀ lé e, Ìyá Sákété dé. Ó ti múra ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé wa dà?" Nígbà tó rí ojú mi, ó pa á mọ́. Ó gbé ẹrù mi sórí ara rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin yẹn náà la sì wọ̀. Lóòótọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ bomi sí i. N kò mọ iye ìṣẹ́jú tó gbà.

Mo kọ́ iṣẹ́ aṣọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Ó bọ́ mi, ó bọ́ àwọn ọmọ mi, n kò ráhùn. Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ tí mo dé ìsọ̀ nígbà tí obìnrin kan láti Yókò yan aṣọ kan, ó ní ká bá òun gbé e pamọ́, pé ọjọ́ mẹ́sàn-án òní lòun yóò wá mú un.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ṣé òní wà nínú rẹ̀?"

Obìnrin náà wo Ìyá Sákété. "Kí ló ń ṣe ọmọ yín?"

"Ilé ìwé ló ṣe é," ni Ìyá Sákété wí, ó ń ká aṣọ. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọmọ mi, bí òní kò bá sí nínú rẹ̀, níbo lo fẹ́ kó wà?"

N kò tíì rí èsì rẹ̀ títí di bí mo ṣe jókòó yìí. Mo mọ̀ pé Mèsyé kò parọ́, ìyá mi náà kò sì ṣì í kà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń gbé ìwé wá, wọ́n ní, "Ìyá àgbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ mélòó?" Mo máa ń ní mọ́kànlélógún, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ń bọ̀ wá kí mi lọ́jọ́ mẹ́jọ òní, tàbí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òní, ìbáà jẹ́ àgbà, ìbáà jẹ́ ọmọdé, n kì í gba iye lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń dì í lápá mú lẹ́nu ọ̀nà ni, màá ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀. Dárúkọ ọjọ́ náà fún mi."